Àparò Tí Ìwé Pè Ní Àgàn

Ní ẹ̀yìn ilé-iṣẹ́ aṣọ kan tó ti kú láàárín Ìkẹjà sí Agége, ilẹ̀ kan wà tí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ nípọn débi pé èèyàn lè bu ú sínú ewé kó sì pọ́n ọn bí ẹ̀kọ. Lápá òsì rẹ̀, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ọ̀dà ń tú èéfín aláwọ̀ mẹ́ta sókè. Lápá ọ̀tún, jẹnẹrétọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ike ń bú ramúramù láti Mọ́ńdè dé Mọ́ńdè, tó fi jẹ́ pé àwọn tọkọtaya àdúgbò náà ti gbàgbé bí ohùn ara wọn ṣe rí, ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń júwe èébú síra wọn. Láàárín méjèèjì yìí ni Suara ń gbin ẹ̀fọ́ sí.

Suara kì í ṣe àgbẹ̀ látilẹ̀wá. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n bí i sí, ẹ̀rọ ìhunṣọ ló sì gbé e wá sí Èkó. Òun ló ń bójú tó ẹ̀rọ kẹrìnlá nígbà tí ilé-iṣẹ́ náà ṣì ń mí. Lọ́jọ́ tí ilé-iṣẹ́ dákẹ́, àwọn ọ̀gá ní kí gbogbo òṣìṣẹ́ lọ sílé lọ sinmi díẹ̀. Àwọn yòókù lọ. Suara ò lọ. Ó ní ìsinmi tí wọn ò bá ti dá ọjọ́ ìparí rẹ̀ fúnni, ikú ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó bẹ mẹ́gàádì, ó gbé ọkọ́ wọ ẹ̀yìn ilé, ó kọ ebè. Ọdún kọkànlá rèé. Tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ rẹ̀ tutù débi pé àwọn obìnrin Agége ń sọdá rélùwéè ní ìdájí láti wá ra ebè lódindi. Ebè náà sì tọ́. Àwọn agbaṣẹ́ṣe tó ń la títì fún ìjọba ì bá ti wá kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ Suara, bí kò bá ṣe pé títì tó bá dára kì í jẹ́ kí wọ́n tún gba iṣẹ́ rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀.

Ọdún kẹta ni àwọn àparò dé. Ibi tí wọ́n ti wá, Ọlọ́run ló yé. Suara kàn débẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó bá wọn tí wọ́n ń rìn káàkiri poro, tí wọ́n ń yẹ ìdí ẹ̀fọ́ wò bí onílé tó wá wo yàrá tí ayálégbé ti bà jẹ́. Bàbá Suara ní Ògbómọ̀ṣọ́ mọ àparò dáadáa, nínú ọbẹ̀. Ṣùgbọ́n Suara ò fọwọ́ kàn wọ́n, nítorí wọ́n ń bá a ṣa kòkòrò jẹ, wọn ò sì béèrè owó ọ̀yà. Àwọn àgbà ní àparò kan ò ga ju ọ̀kan lọ, àfi èyí tó bá gorí ebè. Àwọn wọ̀nyí gorí ebè Suara tán, wọ́n wá ń wo gbogbo Ìkẹjà bí ẹni pé àwọn ló ń yan gómìnà.

Ọdún méje ni Suara àti àwọn àparò fi gbé pọ̀ láìsí ìwé. Ìwé dé lọ́dún tó kọjá.

Dókítà Ayọ̀mípọ̀sí ló gbé e wá. Kì í ṣe dókítà abẹ́rẹ́, dókítà ẹyẹ ni, ọmọbìnrin tí kò tíì pé ogójì ọdún, tó ń bá àjọ kan tó ń dáàbò bo ẹyẹ oko ṣiṣẹ́. Awò mẹ́ta ló ń lò: ọ̀kan fún ìwé, ọ̀kan fún oòrùn, ọ̀kan gígùn onígo méjì tó ń fa ẹyẹ òkèèrè wá sí abẹ́ imú ẹni. Ó jókòó lórí garawa tí Suara fi ń bu omi, ó ṣàlàyé fún un pé àparò ti ń tán lọ ní gbogbo oko tó yí Èkó ká. Ilé ń jẹ oko, oògùn ń pa kòkòrò tí wọ́n ń jẹ, ẹyẹ tí oko bá sì ti mọ́ lára, ibi tí oko bá wọlẹ̀ sí ni òun náà ń wọlẹ̀ sí. Ó sọ ọ́ tọkàntọkàn débi pé omi lé sí i lójú. Suara bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó bóyá àparò kan bá a tan níhà ìyá.

Iṣẹ́ tó gbé fún un rọrùn. Kó máa ka àwọn àparò náà láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kó máa kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù. Akọ mélòó? Abo mélòó? Ọmọ mélòó? Dókítà fúnra rẹ̀ á máa wá wò wọ́n lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Ó sì ń wá lóòótọ́, àmọ́ kó tó já gbogbo gosiló tó wà ní Maryland, aago mọ́kànlá á ti lù, oòrùn á ti mú, àparò tó bá ti ní ojútì á sì ti kó ìdílé rẹ̀ wọ abẹ́ ewé. Igi àti Suara nìkan ni awò gígùn náà ń rí.

Suara ka akọ, ó kọ ọ́. Ó ka abo, ó kọ ọ́. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n kọ "ọmọ mélòó" sí, ó fa ìlà.

A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà lójú Suara. Ìyá rẹ̀ gbà títí tó fi kú pé ẹnìkan ló nawọ́ ka àwọn àbúrò Suara lójú ọ̀nà odò, lọ́dún tí àìsàn fi gbá agbo ilé wọn. Nígbà tí àwọn tó ń ka èèyàn fún ìjọba dé ilé Suara ní Agége, tí wọ́n bi ìyàwó rẹ̀, Modinat, pé ọmọ mélòó ló bí, Modinat ní Ọlọ́run ló mọ iye wọn. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni ẹni tó wá kà á, òun náà mọ̀ bó ṣe ń lọ. Ó ṣe àmín, ó kọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀, ó lọ.

Àwọn ọmọ àparò náà sì wà níbẹ̀ rẹpẹtẹ. Bí ìyá bá jáde sí poro nídàájí, ńṣe ni wọ́n ń ya tẹ̀lé e bí ìgbà tí àpò ẹ̀wà bẹ́. Suara á dúró, á wò wọ́n, á rẹ́rìn-ín, á ṣàdúrà fún wọn nínú ara rẹ̀, á wá mú bírò, á fa ìlà. Oṣù mẹ́fà ló fi fà á, ìlà tó tọ́ bí ebè rẹ̀.

Kọ̀ǹpútà ò mọ èèwọ̀. Ìlà tó bá ti rí níbi tó ti ń retí iye, òdo ló ń pè é.

Bí ìròyìn ṣe jáde nìyẹn pé odindi oṣù mẹ́fà, àparò Ìkẹjà ò bí ọmọ kan ṣoṣo. Àwọn olówó àjọ náà ní òkè òkun gbọ́, ọkàn wọn bàjẹ́, wọ́n fi owó ránṣẹ́. A sì mọ̀ pé owó tó bá ti òkè òkun dé, ìpàdé ló ń kọ́kọ́ jẹ. Wọ́n gba gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì kan ní Opebi, wọ́n ta aṣọ gbàgàdà sára ògiri pé: KÍ LÓ DÉ TÍ ÀPARÒ ÌKẸJÀ FI YÀGÀN? Wọ́n pe Suara náà. Modinat lọ bùbá àti ṣòkòtò rẹ̀ títí tó fi ń gé ọwọ́, wọ́n fi okùn gbé káàdì kọ́ ọ lọ́rùn bí ewúrẹ́ iléyá, wọ́n fi í jókòó sí ìlà ẹ̀yìn.

Àwọn ọ̀mọ̀ràn bẹ̀rẹ̀. Èkíní ní èéfín ọ̀dà ló wọ inú ẹyin. Èkejì ní jẹnẹrétọ̀ ni, akọ ń ké pe abo, abo ò gbọ́, ìgbéyàwó wá ń tú ká káàkiri. Ẹ̀kẹta, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìlú òyìnbó dé, ní ìrònú ló ń pa wọ́n, pé àparò tó bá wo bí ọjà ṣe gbówó lórí, kò ní í yá a lára láti bímọ sáyé. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un jù. Suara ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú àánú. Ó rò pé àparò ibòmíì ni wọ́n ń sọ.

Àfìgbà tí ẹ̀rọ gbé àwòrán ebè kan sára ògiri, tí ọkọ́ dá dúró ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Suara mọ ọkọ́ náà. Òun ló so okùn pupa mọ́ ọn lọ́rùn.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Sànyà, alága ìpàdé, bọ́ síwájú. Ọkùnrin yìí mọ̀ nípa àparò ju àparò lọ. Ó ti sọ̀rọ̀ lórí oko ní ìlú mẹ́tàlélógún, ó sì tó ogún ọdún tí iyẹ̀pẹ̀ ti kan bàtà rẹ̀ gbẹ̀yìn. Ó ní wọn ò ní í jiyàn mọ́. Ọ̀rọ̀ náà ò kan èéfín, kò kan ìrònú. Àgbẹ̀ ni. Ọkọ́ àgbẹ̀ ló ń lé àparò lórí ẹyin. Nítorí náà, kí àgbẹ̀ kúrò nílẹ̀ náà kí oṣù tó parí, kí wọ́n fi wáyà yí i ká, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ewé ibẹ̀ mọ́. Àwọn tó ni ilé-iṣẹ́ tó kú náà ti fọwọ́ sí i. Wọ́n ní inú àwọn dùn gan-an, níwọ̀n ìgbà tí orúkọ àwọn bá ti máa wà lórí pátákó.

Ilẹ̀ Suara ni wọ́n ń pín. Ọdún mọ́kànlá. Kò sí ẹ̀rọ ìhunṣọ mọ́, kò sí ilẹ̀ míì, ebè yẹn ni ìdílé rẹ̀ fi ń jẹun, òun ni Uswat, ọmọ rẹ̀, fi ń lọ sílé ìwé. Ó nawọ́ sókè. Wọn ò rí i. Ó dìde.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, àwọn àparò yẹn bímọ."

Ọ̀jọ̀gbọ́n wo ẹ̀yìn. "Ta nìyẹn?"

"Bàbá tó ń bá wa kà wọ́n ni, sà," ni Dókítà Ayọ̀mípọ̀sí fèsì.

"Bàbá, ìwé yín náà la ń wò yìí. Ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ ọ́ ni?"

"Èmi ni, sà. Àmọ́ mi ò kọ ọ́ síbì kan pé wọn ò bí."

"Ó dáa. Ọmọ mélòó ni wọ́n bí?"

Suara wo àjà. Ó wo bàtà rẹ̀. "Wọ́n wà níbẹ̀, sà. A dúpẹ́."

Gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ti ìlú òyìnbó dé béèrè pé mélòó ni a dúpẹ́ nínú ìṣirò. Suara dúró títí ẹ̀rín fi lọ sílẹ̀.

"Ẹ má bínú, sà," ó ní. "Ẹ̀yin alára, ọmọ mélòó lẹ bí?"

Ọ̀jọ̀gbọ́n Sànyà, ẹni tó ti ka ẹyẹ láti Sókótó dé Sìbéríà, ya ẹnu, ó pa á dé. Kó tó mọ̀, ohun tí ìyá rẹ̀ fi sí i lẹ́nu láti kékeré ló jáde. "Ọlọ́run ṣé é," ó ní. "Wọ́n wà."

Ìyá àgbàlagbà kan níwájú ṣe àmín. Ẹ̀rín tán. Gbogbo àwọn tó kàwé níbẹ̀ wo tábìlì, nítorí kò sí ẹnìkan nínú wọn tí wọ́n lè nà ní pàṣán kó dáhùn ìbéèrè yẹn. Dókítà Ayọ̀mípọ̀sí ṣí àwọn fọ́ọ̀mù náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìlà, ìlà, ìlà. Ojú rẹ̀ yí padà. Ìyá rẹ̀ àgbà ní Ìjẹ̀bú ti gbá a létí rí, nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà, nítorí ó nawọ́ ka àwọn ọmọ alámùúlégbé. Ó dìde, ó ní kí ìpàdé jọ̀ọ́ dá ọ̀rọ̀ náà dúró, kí gbogbo wọn dé ilẹ̀ náà láàárọ̀ kùtùkùtù lọ fi ojú ara wọn rí i, pé òun ló ṣi ìwé kà.

Ọ̀jọ̀gbọ́n fi ohùn jẹ́jẹ́ bá a sọ̀rọ̀, bí wọ́n ṣe ń bá ẹni tí ara rẹ̀ ò yá sọ̀rọ̀. Ó ní ìròyìn ti dé òkè òkun. Wáyà ti dé Apápá. Pátákó ti wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń kun ún. "Bí a bá wá ní wọ́n bímọ báyìí," ó ní, "kí la fẹ́ sọ fún àwọn tó ti bá wa sunkún?"

Ni wọ́n bá dìbò. Àwọn àparò yàgàn pẹ̀lú ìbò méjìlélógún sí ẹyọ kan. Suara ò ní ìbò. Wọ́n fún un ní ìrẹsì àti adìyẹ, wọ́n ní kó mú okùn ọrùn rẹ̀ lọ sílé, kó fi ṣe ìrántí.

Ilé búrẹ́dì ní Agége ni Modinat ti ń ṣiṣẹ́. Ìyẹ̀fun bò ó dé ìgúnpá nígbà tí Suara dé, tó ro gbogbo rẹ̀ fún un. Ó gbọ́ ọ títí, ó ń po ìyẹ̀fun lọ.

"Bàbá Uswat, ẹ ò wá lè sọ iye kan fún wọn ni? Kódà kó jẹ́ irọ́."

"Irọ́ wo? Bí mo bá dín wọn kù, mo pa ọ̀kan nìyẹn. Bí mo bá fi kún un, ta ni yóò bí i?"

Modinat ronú sí i. "Ìyẹn náà wà ńbẹ̀," ó ní, ó sì la ìyẹ̀fun mọ́ tábìlì gbàù, bí ẹni tó rí Ọ̀jọ̀gbọ́n níbẹ̀.

Wáyà dé. Wọ́n gbé pátákó nàró pé ÀPARÒ Ń SINMI, ÀGBẸ̀ MÁ WỌLÉ, orúkọ àwọn tó ni ilé-iṣẹ́ sì tóbi ju ti àparò lọ lórí rẹ̀. Suara jókòó sílé. Ọwọ́ tí ebè ti mọ́ lára kì í dákẹ́. Ó to bàtà gbogbo ará ilé sí poro. Ó lọ bá Modinat to búrẹ́dì sórí pẹpẹ, ó tò ó tọ́ débi pé àwọn oníbàárà ń bi ẹni tó ni ilé búrẹ́dì pé ìgbà wo ló ra ẹ̀rọ tuntun.

Òjò bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ tí Suara fi ọdún mọ́kànlá bu ìgbẹ́ adìyẹ sí, tí wọ́n wá ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn, ohun tí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ń ṣe ló ṣe. Kí oṣù méjì tó pé, eèsún ti ga ju mẹ́gàádì lọ. Wọ́n fi kámẹ́rà sínú rẹ̀ láti máa ya àparò, eku ló ya, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ okùn rẹ̀. Ẹyẹ oko ni àparò, kì í ṣe ẹyẹ igbó. Ibi tó mọ́ nílẹ̀, tó lè rí ológbò lókèèrè, ló ń wá. Nígbà tí wọn ò rí poro mọ́, wọ́n kó ọmọ wọn kọjá lábẹ́ wáyà, wọ́n lọ sí ìdí ebè àwọn ẹlẹ́fọ̀ọ́ míì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rélùwéè. Àwọn tó ń bẹ níbẹ̀ mọ àparò bí bàbá Suara ṣe mọ̀ ọ́n. Díẹ̀díẹ̀, àwọn àparò bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú ọbẹ̀.

Dókítà Ayọ̀mípọ̀sí nìkan ló rí i, nítorí òun nìkan ló ti ń wá láàárọ̀ kùtùkùtù báyìí. Ó sùn sí ilé ọ̀rẹ́ kan ní Agége kó má bàa há sí Maryland. Ó yí wáyà náà po lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò gbọ́ igbe kan. Ó rí ìyẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdògán kan ní ìdí rélùwéè. Ó yà sí ilé Suara tààrà, ó kúnlẹ̀ níwájú ilẹ̀kùn, kò sí awò kankan lójú rẹ̀.

"Bàbá, èmi ni mo ṣi ìlà yín kà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà wá kọ ebè yín, kí wọ́n má bàa jẹ gbogbo wọn tán."

Suara ní kó dìde. Ó bi í bóyá Ọ̀jọ̀gbọ́n mọ̀ pé ó wá.

Ó mọ̀. Wọ́n ti ṣe ìpàdé míì, ní òtẹ́ẹ̀lì tó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ, wọ́n sì ti ṣàwárí pé àparò nílò ebè. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ara wọn. Ìṣòro kan ló kù: òfin òkè òkun ò gba àgbẹ̀ láàyè nínú ibi tí wọ́n bá ti fi wáyà yí ká, wọn ò sì lè ní ìbò méjìlélógún ṣìnà. Nítorí náà, Suara ò lè padà bí àgbẹ̀. Yóò padà gẹ́gẹ́ bí Olùtọ́jú Ibùgbé Ẹyẹ, Ìpele Kìíní. Wọ́n á fún un ní bàtà òjò àti ẹ̀wù tó ń tàn bí iná. Ebè á di òkìtì ìbísí. Ẹ̀fọ́ á di ewéko ìbòrí.

Modinat, tó ti dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn láti ìgbà yìí, dá sí i. "Dókítà, ewéko ìbòrí yẹn, ta ni yóò máa jẹ ẹ́?"

Dókítà yẹ ìwé òfin tó mú wá wò síwá sẹ́yìn. Ìwé náà ò sọ ohun kan nípa jíjẹ. Ó kàn sọ pé ewéko ìbòrí ò gbọ́dọ̀ ga ju orúnkún lọ, kí wọ́n máa gé e déédéé.

"Ẹ kọ orúkọ mi síbẹ̀," ni Modinat wí. "Èmi ni màá máa gé e. Àwọn obìnrin Agége á bá mi gbé e kúrò nílẹ̀."

Ohun kan ṣoṣo ni Suara béèrè kó tó gbà. Ó ní kí ìwé kan wà, tí àwọn tó ni ilẹ̀ àti Ọ̀jọ̀gbọ́n jọ fọwọ́ sí, pé ẹnikẹ́ni ò lè fi ìbò lé òun mọ́, bí àparò bímọ, bí wọn ò bímọ. Ó gba Dókítà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àti ìjà tí a ò lè ròyìn tán. Ó halẹ̀ pé òun á fi àwọn fọ́ọ̀mù náà ránṣẹ́ sí òkè òkun bí wọ́n ṣe wà, pẹ̀lú àlàyé. Ọ̀jọ̀gbọ́n fọwọ́ sí i.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí Suara wọlé padà, ìrì ṣì wà lórí eèsún. Ó fi àdá bẹ́ ẹ, ó bọ́ ẹ̀wù tó ń tàn bí iná nítorí ooru, ó sì kọ ebè mẹ́ta kó tó mu omi. Dókítà náà mú ọkọ́ kejì. Ó ní òun ò ní í fi fọ́ọ̀mù kọ́ oko mọ́. Ebè tó kọ́kọ́ kọ lọ́ bí ejò tó mu ògógóró yó. Suara dúró tì í, ó wò ó láti orí dé ìdí, ó fi ọkọ́ tú u ká.

"Ẹ tún un kọ," ó ní.

Dókítà sì tẹ̀ba lé ọkọ́, ó tún un bẹ̀rẹ̀.